Àpọ̀jù Ló Ń Pa Ekòló: Ọ̀sìn Abẹ́ Àtẹ̀gùn ní Ìlú Enugu

Bí ọjà Ogbete bá fẹ́ tú nírọ̀lẹ́, ẹ wo ilẹ̀. Háríhá àgbàdo, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ tó ti dẹ̀ jù, ewé ugu tó ti rọ, èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe abacha: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbá jọ fún ESWAMA, àjọ tó ń kó pàǹtírí ní ìpínlẹ̀ Enugu, tí ọkọ̀ yóò sì gbé e lọ sí ààtàn ńlá tó wà ní Ugwuaji. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ilé ìdáná ní Abakpa, ní Achara Layout àti ní Trans-Ekulu. Ohun tó lè jẹrà ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń dà nù, bó bá sì dé ààtàn tán, òórùn àti eṣinṣin ló ń dà.

Ohun ọ̀sìn kan wà tó lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Kì í kọ, kì í ké, kì í béèrè iná mànàmáná, igun kan lábẹ́ àtẹ̀gùn sì tó o gbé. Ekòló ni. Ohun tó bá yà lẹ́yìn tó jẹun tán ni ajílẹ̀ dúdú tí ẹ̀fọ́ àti tòmátì ń fẹ́ràn jù, tí àwọn tó ń gbin nǹkan sínú korobá lórí bákónì sì lè lò láìra àpò ajílẹ̀ kankan.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó dán an wò ló kú mọ́ lọ́wọ́ kí oṣù kan tó pé. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn kò fi ebi pa á. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Oúnjẹ àpọ̀jù, omi àpọ̀jù, ooru àpọ̀jù: àwọn mẹ́ta yìí ló ń pa ekòló inú ilé. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń fawọ́ sẹ́yìn ni ọ̀sìn yìí ń pọ̀ fún.

Ekòló wo ni ká mú wọlé?

Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ojú ọjọ́ Enugu ló yẹ ká wò ká tó yan ekòló. Ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó lórí iṣẹ́ yìí, títí kan èyí tí Mary Appelhof ará Michigan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1982, ekòló pupa kan tí wọ́n ń pè ní Eisenia fetida ni wọ́n ń yìn. Ọmọ Yúróòpù ni. Ibi tó tutù ló ti ń gbádùn, láàrin ìwọ̀n 15 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ní Enugu, ọ̀sán oṣù kejì àti oṣù kẹta máa ń tó 33, nígbà mìíràn ó ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ná owó gọbọi láti kó ekòló Yúróòpù wá sínú irú ooru yẹn, ìyà ló rà fún un.

Tiwa wà nílẹ̀. Eudrilus eugeniae ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pè é, Kinberg ló sì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn ní 1867. Ọmọ bíbí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni. Lónìí wọ́n ń sìn ín ní Íńdíà, ní Philippines àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tó ń tà á ti ń fi orúkọ Áfíríkà polówó rẹ̀. Ó gùn, ara rẹ̀ yá, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ aró sì máa ń kọ mọ̀nà lára rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Láàrin 24 sí 30 ni ara ti ń tù ú jù, igun tó ní òjìji nínú ilé wa sì sábà máa ń wà láàrin ìyẹn ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún.

Kò pọn dandan kí ẹ rà á. Nígbà òjò, ẹ yẹ abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹrà wò. Ẹ yẹ ìdí òkìtì ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́ wò ní agbègbè Gariki, ní Awkunanaw. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò pé níbo ni idide pọ̀ sí, orúkọ tí àwọn Igbo ń pè é nìyẹn, wọn kò ní pẹ́ mú yín débẹ̀. Èyí tó ń gbé inú ewé jíjẹrà àti inú ìgbẹ́ ẹran ni kí ẹ ṣà. Èyí tó ràndánràndán, tó lọ́ra, tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ líle lẹ ti fi ọkọ́ hú u jáde, ẹ dá a padà. Erùpẹ̀ ni ìyẹn ń jẹ. Èèpo iṣu yín kò ní wù ú, inú àpótí yóò sì há a mọ́.

Awọ ló fi ń mí

Gbogbo ìtọ́jú ekòló, ara awọ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Awọ ló fi ń mí, afẹ́fẹ́ kì í sì í gba awọ náà wọlé àfi tó bá ń rin. Bí awọ bá gbẹ, èémí tán. Bí omi bá kún ibùsùn rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò rí àyè wọlé mọ́, èémí tán bákan náà. Àárín àwọn méjèèjì ni ẹni tó ń sìn ín ń ṣọ́ lójoojúmọ́.

Kò ní ojú, àmọ́ awọ kan náà mọ ìmọ́lẹ̀, ó sì ń sá fún un. Kò ní eyín; ibì kan tó le wà nínú ikùn rẹ̀ tí iyanrìn wẹ́wẹ́ ti ń bá a lọ oúnjẹ. Kò lè jẹ èèpo tútù bó ti ń bọ̀ láti orí pákó ìgẹ̀fọ́. Ó dìgbà tí àwọn kòkòrò àìfojúrí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di rírà, nígbà náà ni ekòló yóò wá fa ohun tó rà náà mu pẹ̀lú àwọn kòkòrò ọ̀hún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí èèpo tí ẹ kó sínú àpótí lánàá tó ṣì wà bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ má pariwo pé ekòló yín ń ṣàìsàn. Oúnjẹ kò tíì jinná lójú tirẹ̀ ni.

Akọ ni, abo ni, ara kan náà ló kó méjèèjì sí. Síbẹ̀ méjì ló ń pàdé kí ẹyin tó wáyé. Inú àpò kékeré kan tí kò tó hóró ìrẹsì ni ẹyin ń wà. Fún irú tiwa yìí, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni àpò náà fi ń pa, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ló sì sábà ń jáde nínú ọ̀kan. Nǹkan bí oṣù méjì sí i, àwọn ọmọ náà ti tó yé ẹyin tiwọn. Ẹ má bẹ̀rù pé wọn yóò kún ilé. Bí àyè àti oúnjẹ bá ti ń fún mọ́ wọn, yíyé ẹyin náà á dínkù fúnra rẹ̀.

Charles Darwin, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ayé mọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ ẹ̀dá, wà lára àwọn tó sin ekòló nínú ilé. Inú ìkòkò erùpẹ̀ ló kó wọn sí. Wọ́n fun fèrè fún wọn, wọ́n tẹ dùùrù nítòsí wọn, ekòló kò mira. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìkòkò náà lé orí dùùrù tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, ekòló sá wọ ihò lọ. Etí kò sí, ara ló gbọ́ ọ. Ní 1881, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó tẹ ìwé kan jáde lórí iṣẹ́ ekòló. Ó ṣírò rẹ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, erùpẹ̀ tó ju tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ ló ń gba inú wọn kọjá lórí éékà kan lọ́dọọdún. Ẹ̀kọ́ dùùrù yẹn wúlò ní Enugu: ẹ má gbé àpótí ekòló sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìlọta. Ibi tó ń gbọ̀n, wọn kì í dúró síbẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá náà, àwọn onímọ̀ ti bá ekòló ṣiṣẹ́. P. H. Nye tẹ ìwádìí jáde ní 1955 lórí bí àwọn ẹ̀dá inú ilẹ̀ ti ń gbé erùpẹ̀ wá sókè ní agbègbè Ìbàdàn, ìgbẹ́ ekòló sì kó ipa ńlá níbẹ̀. Rattan Lal, tó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020, lo ọdún púpọ̀ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn láàrin 1970 sí 1987. Ó rí i pé oko tí wọn kò fi ẹ̀rọ tú ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi koríko gbígbẹ bò, ni ekòló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Àwọn baba wa ti pa á lówe pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Ilẹ̀ tí a bò, tí a kò yọ lẹ́nu, ló ń lanu fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú àpótí.

Ibùsùn ṣáájú, ekòló lẹ́yìn

Òkè ni irú ekòló yìí ń gbé, kì í sábà wọlẹ̀ jìnnà. Ohun tó fẹ̀ ló ń fẹ́, kì í ṣe ohun tó ga. Abọ́ oníke gbàgìdì tí à ń fọ aṣọ nínú rẹ̀ dára. Àpótí pákó tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 dára, bí wọn kò bá ti fi oògùn ikán kùn ún. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì fi abọ́ pẹlẹbẹ gbe omi tó bá ń kán. Lójú rẹ̀, ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ tó rin, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dè é lórí kí aláǹgbá, eku àti adìyẹ má bàa dé ibẹ̀. Bí èèrà bá pọ̀ ládùúgbò, orí tábìlì ni kí àpótí wà, kí ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo tó ní omi àti ọ́ìlì mọ́tò díẹ̀. Àwọn ìyá wa ti fi ọgbọ́n yìí gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ èèrà tipẹ́tipẹ́.

Inú òjìji ni kó wà. Abẹ́ àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn ilé ìdáná: gbogbo rẹ̀ ló dára. Abẹ́ páànù lásán tí kò ní àjà kò dára. Ooru ibẹ̀ lọ́sàn-án lè pa odidi àpótí kan ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ibùsùn ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà. Ẹ ya páálí wẹ́wẹ́, kí ẹ bọ́ sẹ̀lótépù ara rẹ̀ dànù. Ẹ fi ìwé ìròyìn tí ẹ ya, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́ tí kò rùn mọ́ kún un. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ oníyanrìn kan sí i, nítorí ikùn tó ń fi iyanrìn lọ oúnjẹ. Pákó lílọ̀ láti ọjà onípákó, ẹ rọra lò ó: oje àwọn igi kan máa ń ta ekòló, pákó tí wọ́n ti kùn sì burú jù. Ẹ rẹ gbogbo rẹ̀ sómi, kí ẹ wá fún un. Bí ẹ bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan tí ìkán omi kan tàbí méjì já bọ́, ó tó. Bí omi bá ń ṣàn gba àárín ìka, ó ti pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àìnísùúrù níbí ló ń pa ọ̀pọ̀ ekòló. Ibùsùn tuntun máa ń gbóná bó ti ń jẹrà, pàápàá bí ìgbẹ́ ẹran bá wà nínú rẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ooru, ẹ tún dúró. Bí kò bá gbóná mọ́, ẹ kó ekòló márùn-ún lé e lórí. Bí wọ́n bá wọlé kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó kọjá, ibùsùn náà dára. Bí wọ́n bá kó ara jọ, tí wọ́n ń gun ẹ̀gbẹ́ àpótí, ohun kan ń ta wọ́n níbẹ̀.

Ẹ̀kúnwọ́ ekòló méjì sí mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀. Lóru ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé, ẹ tan iná sókè àpótí. Irú tiwa yìí fẹ́ràn ìrìn òru, ibi àjèjì sì máa ń mú un fẹ́ lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni yóò mú un dúró nísàlẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Ẹ láhun díẹ̀

Wọ́n sábà máa ń sọ pé ekòló lè jẹ ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀ lóòjọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ekòló tó ti dàgbà, tó ti mọ ibùsùn rẹ̀, tí ohun gbogbo sì tọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó gba èyí gbọ́, tó wá da odidi korobá èèpo sínú àpótí, yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ kò fẹ́. Oúnjẹ tí ekòló kò rí jẹ máa ń kan, ó ń gbóná, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹ rì í sí igun kan, kí ẹ fi ibùsùn bò ó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ lọ sí igun kejì. Ẹ má fi tuntun kún un títí èyí àtijọ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ṣòro: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, bàrà olómi, háríhá tí a gé wẹ́wẹ́, èérí ògì, ewé tíì, ewé ẹ̀fọ́ tó ti rọ. Èèpo ẹyin tí a sá gbẹ tí a gún lẹ́búlẹ́bú dára gidigidi, ó ń pa kíkan. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní oró nínú. Ẹ sá a tàbí kí ẹ jẹ́ kó kan dáadáa kí ẹ tó fún wọn ní díẹ̀.

Ohun tí kò gbọdọ̀ débẹ̀ ni iyọ̀, kò sì sí oúnjẹ sísè wa tí kò ní in. Ọbẹ̀ àjẹkù, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹja gbígbẹ, ohunkóhun tí mágí ti kàn, ẹ má fún wọn. Iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára wọn, awọ tí wọ́n fi ń mí sì ń gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ata, àlùbọ́sà àti èèpo ọsàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹran àti epo máa ń rùn, wọ́n sì ń pe eku. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù lágbára jù. Oró tó ń ta imú nínú rẹ̀ lè pa wọ́n lóru ọjọ́ kan. Ìgbẹ́ ajá, ti ológbò àti ti ènìyàn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, nítorí àrùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún màlúù lóògùn aràn, ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Oògùn tó ń pa aràn inú ẹran lè ṣe ekòló yín níjàǹbá.

Imú ni dókítà

Àpótí tí ara rẹ̀ yá máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ó tán. Òórùn mìíràn jẹ́ ẹjọ́ tó yẹ kí a gbọ́. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ń sọ pé omi ti pọ̀, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Òórùn tó ń ta imú tó ń mú omi bọ́ lójú ń sọ pé ìgbẹ́ ẹran tútù tàbí oúnjẹ bí èérí ẹ̀wà ti pọ̀ jù. Òórùn kíkan ń sọ pé èso ti pọ̀ ju páálí lọ.

Àìsàn tó burú jù ni èyí tó ń mú ara ekòló wú ní oríkèéríkèé, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn. Oúnjẹ tó lágbára jù ló kan nínú ikùn rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà jáde. Èyí tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kì í sábà yè mọ́, ṣùgbọ́n a lè gba àwọn yòókù là. Ẹ kó gbogbo oúnjẹ tó wà lójú àpótí kúrò. Ẹ da páálí gbígbẹ àti lẹ́búlẹ́bú èèpo ẹyin sí i, ẹ fi ọwọ́ tú ibùsùn náà díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí ẹ sì dá oúnjẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ebi kò ní pa wọ́n. Wọn yóò máa jẹ ibùsùn náà. Ìtọ́jú kan náà ló ń wo àpótí tó kan àti èyí tó rin jù. Ó yani lẹ́nu bí ó ti pọ̀ tó, àìsàn tí ìfawọ́sẹ́yìn nìkan ń wò.

Bí ekòló bá kó ara wọn jọ sábẹ́ ìdérí, inú ibùsùn kò dùn. Bí wọ́n bá so mọ́ra wọn ní ìdì kan nísàlẹ̀, gbígbẹ ni. Bí èèrà bá ń rìn wọlé wọ̀de, gbígbẹ ni náà. Ẹ wọ́n omi, ẹ ó rí i tí wọ́n kó lọ. Kantíkantí kì í pa ẹnikẹ́ni, ẹ rì oúnjẹ wọlẹ̀ dáadáa, yóò dínkù. Ìdin ńláńlá tó ń jẹun wìtìwìtì ló yẹ kí ẹ ṣà jáde, nítorí ooru tí wọ́n ń dá sílẹ̀ máa ń lé ekòló. Ìjàlọ kò gba eré. Bí wọ́n bá wọ àpótí, wọn kì í fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ́n oògùn kòkòrò nítòsí. Èyí le ní Enugu, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi dichlorvos pa ẹ̀fọn, aáyán àti ìdun. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, ti mílílítà 100, ní 2019, nítorí ewu tó ń ṣe fún ènìyàn. Ohun tó lè pa ènìyàn kò ní fi ekòló sílẹ̀. Bí onílé tàbí aládùúgbò bá fẹ́ fín ilé, ẹ gbé àpótí kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Òjò, ọyẹ́ àti oòrùn

Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ jù ní Enugu. Ní òru tí ìjì bá ń jà, irú ekòló tiwa yìí máa ń fẹ́ rìn jáde, nígbà mìíràn gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yẹ nẹ́ẹ̀tì wò kí òjò tó dé, kí ẹ sì tan iná bí iná bá wà. Nígbà yìí, páálí gbígbẹ ni kí ẹ máa fi kún ibùsùn, omi kò sí níbẹ̀.

Ọyẹ́ oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ láìpariwo. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fa omi kúrò lójú àpótí láàárín ọjọ́ méjì. Àpò ìdọ̀họ tó bo ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wọ́n omi sí, kì í ṣe inú ibùsùn gangan. Lẹ́yìn ọyẹ́ ni ooru dé, èyí tó burú jù. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ẹ dín oúnjẹ kù, nítorí oúnjẹ tó ń jẹrà ń fi ooru kún ooru. Ẹ gbé àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì tútù, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ omi kò ṣeé fi ṣeré nílùú yìí. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ tánkà tó ń gbé e wá láti 9th Mile. Kò sí ìdí tí ekòló yóò fi bá yín pín omi mímu. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́, tí kò ní iyọ̀ àti ọṣẹ, tó fún wọn. Èèpo bàrà olómi kan lè rin àpótí fún ọjọ́ mélòó kan láìfi omi kankan sí i.

Ìkórè

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, páálí àti èèpo yóò ti di ohun dúdú wóróworo tí kò rùn. Ẹ fawọ́ oúnjẹ sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ máa bọ́ wọn ní ẹ̀gbẹ́ kejì nìkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, púpọ̀ nínú wọn yóò ti ṣí lọ síbẹ̀. Ẹni tí kò lè dúró lè da gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀rá níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó kó o jọ ní òkìtì. Ekòló yóò máa sá wọ ìsàlẹ̀, ẹ ó sì máa ha òkè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku àwọn nìkan. Ẹ ṣọ́ àpò ẹyin wẹ́wẹ́. Ẹ dá a padà sínú ibùsùn.

Ìwọ̀n kan ajílẹ̀ yìí sí ìwọ̀n mẹ́rin erùpẹ̀ tó fún korobá ugu tàbí ata. Fún èyí tó ti hù, ẹ̀kúnwọ́ kan nídìí rẹ̀ tó. Omi aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń kán sínú abọ́ ìsàlẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Omi ìdọ̀tí tó la ibùsùn kọjá ni. Ẹ pò ó mọ́ omi púpọ̀ kí ẹ tó da á sídìí òdòdó, kí ẹ má sì wọ́n ọn sí ewé tí ẹ ó jẹ. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ nígbà gbogbo.

Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ àti adìyẹ máa ń béèrè bóyá wọ́n lè fi ekòló bọ́ wọn. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ekòló lè gbé ẹyin àti ọmọ aràn adìyẹ àti ti ẹlẹ́dẹ̀ sínú, nítorí náà ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ kí ẹ tó lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ wọn.

Owó ńkọ́?

Owó wà níbẹ̀ díẹ̀: ajílẹ̀ fún àwọn tó ń ta òdòdó àti irúgbìn lẹ́bàá títì, àti ekòló fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àpọ̀jù máa ń wọ ọ̀rọ̀ owó náà. Ní Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ B&B Worm Farms ta ekòló fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lówó ńlá, ó ṣèlérí pé òun yóò máa rà á padà lọ́wọ́ wọn bó bá ti bí sí i. Ní 2003, ó dẹnu kọlẹ̀. Ekòló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò rà á. Ẹni tó bá rántí bí ètò ìlọ́po owó MMM ti há owó mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2016 kò nílò àlàyé púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá ra ekòló mílíọ̀nù kan náírà, pé òun yóò rà á padà ní ìlọ́po méjì, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí, kó má ṣe wá ekòló kankan ná. Kó wá abọ́ fífẹ̀ kan, kó ya páálí sínú rẹ̀, kó rin ín, kó bò ó, kó sì máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ títí ooru rẹ̀ yóò fi lọ. Bí ó bá lè fi ọ̀sẹ̀ méjì tọ́jú àpótí tí ohun abẹ̀mí kankan kò sí nínú rẹ̀, láìfi oúnjẹ kún un, láìda omi lé e lórí, ó ti mọ èyí tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà. Ekòló wà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò ní sá lọ kó tó ṣe tán.